Erùpẹ̀ Abẹ́ Bàtà

Aago mẹ́rin ìdájí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń jí l'Ọ̀ṣìẹ̀lẹ̀.
Mo gun àga lẹ́bàá fèrèsé,
mo na fóònù síta bí ẹni ń na abọ́ sí òjò,
mò ń wò ó bóyá wọ́n ti fi ìwé èsì mi ránṣẹ́.
Wọn ò tíì fi ránṣẹ́.
Akọ̀wé ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.
Ajé mẹ́rin ti kọjá, kò sí èyí tó mú ajé wá.

Moróunmúbọ̀ ni bàbá mi àgbà sọ mí.
Nígbà tí páṣípọ́ọ̀tù jáde, lẹ́tà kan ti já bọ́ nínú rẹ̀,
láàárín ẹnu mi àti ọwọ́ wọn.
Mo pààrà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹyọ lẹ́tà kan.
Ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì bi mí pé,
"Kí ni ẹyọ kan fẹ́ ṣe fún ọ?"
Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá yọ ọ́, kí ni mo fẹ́ mú bọ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó tún un kọ.
Ó gba owó omi.

Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì kì í ṣe tiwa.
Àǹtí Fẹhíntọlá ló yá wa, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú ìbúra,
kó lè sùn nínú àkáǹtì mi fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò bọ́ bàtà.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún,
mo fẹsẹ̀ rìn láti Kútọ̀ dé Ìsàlẹ̀-Ìgbéìn nínú oòrùn,
torí pé owó ọ̀kadà ò sí lọ́wọ́ mi,
mílíọ̀nù mọ́kànlá sì wà lápò mi, nínú fóònù.

Nínú ìdánwò èdè, wọ́n ní kí n sọ nípa ibi ẹlẹ́wà kan nítòsí ilé wa.
Mo ròyìn orí òkè Olúmọ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko.
Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.
Mi ò gùn ún rí.

Màmá mi, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé n'Ítòkò,
ra kóòtù òkìríkà kan fún mi,
ó ní kí n wọ̀ ọ́ wò nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà.
Òógùn ń ṣàn. Ó ń yí mi po, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
"Apá rẹ̀ gùn jù," ló wí.
Kò gé e. Ó ká a sínú, ó fi òwú rírọ̀ tọ́ ọ.
"Bóyá wàá tún ga sí i lọ́hùn-ún."
Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí.

Mo ti ta sítóòfù. Mo ti ta tìmùtìmù.
Ó ku garawa.
Ṣẹ́gilọlá yàrá kejì ti san ìdajì owó rẹ̀,
ó wá ń yọjú láràárọ̀:
"Ìgbà wo lẹ wá ń lọ gan-an?"

Ìmọ̀ erùpẹ̀ ni mo kà.
Ọdún márùn-ún ni mo fi ń gbẹ́ ẹ, tí mò ń sẹ́ ẹ, tí mò ń wọ̀n ọ́n,
tí mò ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá bí orúkọ ọmọ.
Òun náà ni mo tún ń lọ kà
ní ìlú tí yìnyín ń bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù márùn-ún.
Nínú òfin ẹrù, ìlà kẹsàn-án, mo rí i:
ẹran tútù, èso, irúgbìn, erùpẹ̀. Èèwọ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Físà dé lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́.
Mi ò pariwo. Mo fọ abọ́ tó kù.

Lálẹ́ àná mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha abẹ́ bàtà mi,
omi pupa ń ṣàn lọ sí gọ́tà.
Mo ha á, mo ha á,
ó wá ku ìlà tín-ín-rín kan ní gìgísẹ̀ òsì.
Mo wò ó.
Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.